Òkúta Ìdájí

Méje ni wọ́n. Obìnrin méje nínú ìjọ kan ṣoṣo ní Odò-Ọwá, tí ẹsẹ̀ kan kú mọ́ wọn lára láàárín ìgbà tí a fi ìpìlẹ̀ ilé ìjọsìn tuntun lélẹ̀ àti ìgbà tí a kan òrùlé rẹ̀. Mo kà wọ́n fúnra mi. Ìyá mi wà lára wọn. Nígbà tí mo sọ iye náà fún alàgbà tó bójú tó iṣẹ́ ìkọ́lé, ó kọ́kọ́ wẹ̀yìn bóyá ẹnikẹ́ni ń gbọ́.

“Ọ̀mọ̀wé,” ló wí, “Dáfídì ka ènìyàn, o sì mọ ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Má bá wa ka àwọn ọmọ Ọlọ́run.”

“Ṣebí ẹ ka àpò símẹ́ǹtì, bàbá.”

“Símẹ́ǹtì kò ní ọ̀tá.”

Àwọn ọmọ ìlú tó wà ní Èkó àti Ìlọrin ló ra símẹ́ǹtì náà. Ṣùgbọ́n òkúta tí a fi dí ìpìlẹ̀, orí àwọn obìnrin ló gbọ́dọ̀ gbé e wá láti ẹsẹ̀ òkè, nítorí ìjọ gbà pé ohun tí a bá sanwó fún ọkọ̀ láti gbé kì í ṣe ọrẹ mọ́. Wọn kì í sì í rù ú ní ọ̀sán. Ìdájí ni, bí agogo bá ti dún, kí ẹnikẹ́ni tó dá iná, nítorí àkọ́so agbára ọjọ́ jẹ́ ti Ọlọ́run. Láti orí ibùsùn ni ìyá mi ti ń lọ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ síwájú òkúta.

Mo wálé lákòókò òjò, lẹ́yìn tí ilé ìjọsìn ti parí. Kí ilẹ̀ tó mọ́, mo gbọ́ ìró kan lójú ọ̀nà: ẹsẹ̀ kan balẹ̀, lẹ́yìn náà nǹkan kan wọ́ nílẹ̀ ṣìrìrì. Ó kọjá. Òmíràn tún dé, bákan náà gẹ́lẹ́. Mo rò pé ẹnì kan ṣoṣo ló ń yí ilé wa po. Mo yọjú lójú fèrèsé, mo rí aṣọ funfun lẹ́yìn aṣọ funfun nínú ìkùukùu, àwọn obìnrin tó ń lọ àdúrà, tí kálukú ń wọ́ ẹsẹ̀ kan tẹ̀ lé ara rẹ̀. Nígbà náà ni ìró náà bẹ̀rẹ̀ nínú yàrá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Ìyá mi jókòó sétí ibùsùn, ó ń fọwọ́ tọ́ ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ wò.

“Ọmọ mi, ẹsẹ̀ ta nìyí?”

“Màmá, ẹsẹ̀ yín ni.”

“Tèmi kọ́. Ó ti pẹ́ tó ti ń bá mi sùn síbí, kò tiẹ̀ kí mi.”

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, òórùn ẹran jíjó ló gbé mi dé ilé ìdáná. Ìyá mi fi ẹsẹ̀ òsì náà dúró lórí ẹ̀yinná, ó ń ro ọbẹ̀, kò sì mọ̀.

Àwọn alàgbà ní ọfà ayé ni. Nígbà tó di pé ìyá mi kò mọ̀ bóyá orí àga ló jókòó sí, tí ìtọ̀ sì kọ̀ tí kò jáde, wọ́n gbé e sínú ilé àdúrà, wọ́n ní a kò gbọdọ̀ gbé e kúrò títí ààwẹ̀ yóò fi parí. Ọkọ̀ ìjọ wà lábẹ́ igi máńgòrò nínú ọgbà, wọ́n da tapólì bò ó. Mo bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní ẹrẹ̀ wà lójú ọ̀nà. Níkẹyìn, awakọ̀ kan láti Ọ̀sì ló bá mi la ẹrẹ̀ náà kọjá lọ sí Ìlọrin.

Dókítà gbé àwòrán inú ẹ̀yìn ìyá mi síwájú iná. Láàárín egungun ẹ̀yìn kan àti èkejì, tìmùtìmù kékeré kan wà. Ìta rẹ̀ le, ìpele lórí ìpele, tí a hun ní ìdábùú ara wọn bí ẹní. Àárín rẹ̀ rọ̀, ó ń yọ̀, bí ẹ̀kọ tí kò tíì dì nínú ewé. Bí a bá dùbúlẹ̀, ó ń fa omi mu. Bí a bá dìde, ìwúwo ara a máa fún omi náà jáde díẹ̀díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ń ga lówùúrọ̀ ju ìrọ̀lẹ́ lọ.

“Ìgbà wo ni wọ́n máa ń ru òkúta?” ó béèrè.

“Ìdájí. Kété tí wọ́n bá jí.”

Ó nàka sí tìmùtìmù inú àwòrán náà. “Wákàtí tó kún fún omi jù lọ,” ló wí.

Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ gbé ẹrù ní wákàtí yẹn ń fi egungun fún iwájú tìmùtìmù náà pọ̀, àárín rẹ̀ a sì sá sẹ́yìn, a ya ìpele kan, a tún ya òmíràn. Ohun tó bà mí lẹ́rù jù ni pé àwọn ìpele inú kò mọ ìrora. Ènìyàn lè máa ya nínú fún ọdún púpọ̀, kí ó máa kọrin, títí di ọjọ́ tí yóò bẹ̀rẹ̀ mú ìgbálẹ̀ lásán, tí ìta yóò là, tí ohun rírọ̀ náà yóò sì yọ, tí yóò tẹ iṣan ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀. Ti ìyá mi yọ tóbẹ́ẹ̀ tó fi tẹ gbogbo ìdì iṣan tó ń ṣàkóso ìtọ̀ àti ìgbẹ́. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Ó ń fi ọ̀pá rìn báyìí, ṣùgbọ́n rọ́bà tí wọ́n fi sí i lára ló ń gba ìtọ̀ rẹ̀. Dókítà ní ìbá má rí bẹ́ẹ̀ ká ní a tètè dé.

Mo gbọ́ pé ẹ ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ilé àlùfáà, àti pé agogo yóò tún máa dún ní ìdájí. Ẹ̀yin alàgbà, ẹ̀yin ni mò ń bá wí. Ẹ háyà típà kí ó kó òkúta yín. Ọlọ́run kò béèrè egungun ìyá ẹnikẹ́ni. Bí obìnrin kan bá sì tún sọ fún yín pé òun kò mọ ìjókòó òun mọ́, pé ìtọ̀ òun kò jáde, ẹ má ṣe tì í mọ́lé àdúrà. Ẹ ká tapólì yẹn kúrò, kí ẹ sì gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, ẹrẹ̀ ni, ààwẹ̀ ni.