Ẹ Kú Iṣẹ́ Tí Mo Kí Sínú Oko Kòkó

Ẹ sún mọ́bí, ẹ gbọ́ ohun tójú mi rí lọ́nà oko l'Ókè-Àgbò lọ́jọ́rùú.

Ẹ mọ̀ pé mò ń kọ́ bí èèyàn ṣe ń gbèjà ara rẹ̀ l'Ágọ̀-Ìwòyè, níbi tí mo ti ń lọ sí yunifásítì. Kóòṣì wa ní ohùn ni àkọ́kọ́, kéèyàn pariwo kó tó ju ẹ̀ṣẹ́. Èmi gan-an ni wọ́n máa ń pè síwájú kí n pariwo fáwọn tó kù gbọ́. Ẹnu lásán!

Mo wálé, màmá mi ní kí n gbé oúnjẹ lọ fún bàbá mi lóko. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Àsárì tán ni, oòrùn ṣì mú, kí ló fẹ́ bà mí lẹ́rù? Mo gba ọ̀nà ẹsẹ̀ tó la oko kòkó kọjá.

Ìgbà tó yá ni mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀. Mo wẹ̀yìn, mo rí ọkùnrin kan tí mi ò mọ̀ rí. Mo dúró, òun náà dúró. Mo kí i, kò dáhùn. Ẹ̀yin ará, lọ́nà oko, ta ni wọ́n ń kí tí kì í dáhùn? Àyà mi já.

Kí n tó sáré, ó ti di híjáàbù mi mú látẹ̀yìn.

Níbo ni gbogbo ẹ̀kọ́ wà? Ó fò lọ! Mo ya ẹnu láti pariwo, afẹ́fẹ́ lásán ló jáde. Mo rò pé ó ti parí fún mi nìyẹn.

Ohun tó wá jáde lẹ́nu mi, mi ò mọ bó ṣe débẹ̀. Mo kọjú sáàárín igi kòkó, mi ò rí ẹnikẹ́ni níbẹ̀, mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o!" Bá a ṣe máa ń kí tá a bá ń kọjá lóko nìyẹn, láti kékeré ló ti mọ́ mi lẹ́nu.

Ohùn obìnrin kan dáhùn nítòsí: "Òo! O kú ìrìn o! Lèsí yẹn?" Ó ń béèrè ẹni tí mo jẹ́. Ìgbà yẹn lohùn mi tó là! Mo ké "Ẹ gbà mí o!", mo fi ìgbọ̀nwọ́ gbún ọkùnrin náà níkùn. Ó fi mí sílẹ̀, ó sá wọgbó.

Màmá àgbàlagbà kan yọ tàdátàdá. Mo kúnlẹ̀, mò ń dúpẹ́ pé wọn ò bẹ̀rù. Wọ́n ní ta ló sọ bẹ́ẹ̀! Wọ́n ti rí ọkùnrin yẹn ṣáájú, ìbẹ̀rù ló jẹ́ kí wọ́n lúgọ sẹ́yìn igi, wọn ò ṣiṣẹ́ kankan. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ mí sókè pàápàá.

Mo bi wọ́n pé kí ló wá dé tí wọ́n fi dáhùn.

Wọ́n wò mí bíi pé orí mi ò pé. "O kí mi!"

A di ara wa lọ́wọ́ mú títí dé ọ̀dọ̀ bàbá mi, ẹ̀rù ń ba àwa méjèèjì.

Ohun tí mo kọ́ ni pé ká má dúró dìgbà tí ẹ̀rù bá lọ. Kì í lọ! Ohun tó bá ti mọ́ yín lẹ́nu ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sọ, èyí tó kù á tẹ̀lé e. Ẹ sì jọ̀ọ́, tí wọ́n bá kí yín, ẹ máa dáhùn o. Ẹ̀yin ńkọ́, nígbà tẹ́rù gba ohùn lẹ́nu yín, kí ló dá a padà? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, mo fẹ́ gbọ́.