Kúnlẹ̀ Ná Kí O Tó Sọ̀rọ̀

Inú ṣì ń bí mi. Àwọn ará ìjọ ní kí n gbé ọ̀rọ̀ náà fún Ọlọ́run. Mo ti gbé e fún Un, mo sì tún lọ gbà á padà.

Ọkọ mi ra gíríìlì onígáàsì kan, tòkunbọ̀, ní Siluko Road ní Benin níbí, ó sì gbé e wálé tayọ̀tayọ̀. Ṣùgbọ́n èmi ni mò ń tọ́jú rẹ̀. Èmi ni mò ń ha ọ̀rá kúrò níbi tí iná ti ń jáde. Èmi ni mò ń po ọṣẹ mọ́ omi, tí mò ń fi ra rọ́bà rẹ̀ láti orí sílíńdà dé ìdí gíríìlì. Ibi tó bá ti hó, ibẹ̀ ló ti ń jò. Àárín àgbàlá ni mo máa ń gbé e sí, níbi tí atẹ́gùn wà. N kì í sì í ṣí gáàsì láìkọ́kọ́ ṣí ọmọrí, torí gáàsì tó bá kó jọ sábẹ́ ọmọrí kò fẹ́ ju iná kékeré lọ kó tó bú gbàmù.

Lọ́jọ́ Àjíǹde, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ti Àkúrẹ́ wá bá wa ṣọdún. Ó ní òun ni yóò yan adìyẹ. Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í kán, ni òun àti ọkọ mi bá wọ́ gíríìlì wọ abẹ́ òrùlé ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n fi ti ògiri. Mo sọ̀rọ̀ látojú fèrèsé ilé ìdáná.

“Bùrọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ìta gbangba la ti ń lò ó. Ẹ sì ṣí ọmọrí ẹ̀ kẹ́ ẹ tó ṣí gáàsì.”

“Ìyàwó wa,” ó ní, “kí wọ́n tó bí ẹ la ti ń dáná.”

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín. Mo padà sídìí ọbẹ̀ mi. Wọ́n ṣí gáàsì, ọmọrí wà ní dídé, wọ́n wá ń wá ìṣáná kiri àpò.

Ìgbà yẹn ni ọmọbìnrin mi wọlé láti Ekosodin, níbi tó ń gbé bó ṣe ń lọ sí yunifásítì. Ẹnu géètì ló ti gbóòórùn, ló bá sáré wá síwájú wọn.

“Big Daddy, gas dey smell o. Abeg, no light am.”

“Ṣé bí wọ́n ṣe ń kí àgbà ní Benin nìyẹn? Kúnlẹ̀ ná kí o tó sọ̀rọ̀.”

“Kí Big Daddy ẹ dáadáa,” ni bàbá rẹ̀ wí.

Ọmọ náà kúnlẹ̀. Bó ṣe kúnlẹ̀, ojú rẹ̀ wá bá ẹnu gíríìlì dọ́gba. Àgbà ṣáná, ó ṣí ọmọrí, iná sì bú jáde lójijì.

Ọpẹ́lọpẹ́ apá tí ọmọ náà fi bojú. Mo sáré jáde, mo ti sílíńdà pa, mo fa ọmọ mi lọ sídìí ẹ̀rọ omi, omi ń dà lé apá náà títí tí ọkọ̀ fi ṣe tán láti gbé wa lọ sílé ìwòsàn.

“Ká dúpẹ́,” ni ẹ̀gbọ́n ń wí. “Ká ní Yorùbá ló sọ ni, ǹ bá gbọ́.” Ọkùnrin tó fi píjìn ná adìyẹ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn!

Mo sọ̀rọ̀ sí i. Mi ò ní tún un sọ níbí.

“Ẹ̀gbọ́n mi lò ń bá wí yẹn o,” ọkọ mi ní.

“Ọmọ mi ló jóná yẹn.”

Nípàdé ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá, ọkọ mi fẹ́ràn láti máa pa á lówe pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilẹ̀ Ifẹ̀. Àṣé ẹnu lásán ni. Ọmọdé gbọ́n nílé rẹ̀, wọ́n ní kó kúnlẹ̀.

Nígbà ọdún tuntun, ẹ̀gbọ́n tún dé. Àárín àgbàlá ni gíríìlì wà. Ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ sídìí sílíńdà, àpá iná hàn lápá rẹ̀, ó ń fi ọṣẹ ra rọ́bà. Ẹ̀gbọ́n dúró lẹ́nu géètì, ó wúkọ́, ó ń retí kí ọmọ wá kí òun. Ọkọ mi pe ọmọ náà. Kò dìde. Ó wo rọ́bà náà títí ó fi dá a lójú pé kò hó, ó ṣí ọmọrí, ó ṣí gáàsì, ó tanná. Ó nu ọwọ́. Ìgbà náà ló tó lọ kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ káàbọ̀, sà.”

Ọkọ mi wojú mi, kí n bá ọmọ mi wí. Àlùbọ́sà ni mò ń gé. Mi ò gbójú sókè.