Ààwẹ̀ Tí Màmá Gbà Nítorí Kẹ̀kẹ́ Wa

Ní yunifásítì ni mo ti kọ́ pé ìyà tí èèyàn bá fowó ara rẹ̀ rà ni wọ́n ń pè ní fàájì. Ìdí nìyẹn tí èmi àti ìyàwó mi, àgbàlagbà méjì tó ní mọ́tò, fi gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, tí a wọ ọkọ̀ òfurufú lọ sí Jámánì, tí a sì háyà kẹ̀kẹ́ ológeere kí a lè gùn ún létí odò Danube títí dé Vienna ní Austria.

A múra sílẹ̀ o. Ìkòsí ni ilé wa wà, àmọ́ ta ló fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ láàárín àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó ń já tòmátò ní Mile 12? Ní àárọ̀ Sátidé, a ó di kẹ̀kẹ́ méjì mọ́ orí mọ́tò, a ó wà á dé Magodo, mẹ́gàádì á ṣí géètì fún wa, a ó wá sọ̀ kalẹ̀ gun kẹ̀kẹ́ yípo ibi tí títì ti ń dán. Mo máa ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé nítorí kí afẹ́fẹ́ lè mọ́ la ṣe ń ṣe é. Mi ò ka èéfín mọ́tò tó gbé kẹ̀kẹ́ náà débẹ̀ mọ́ ọn.

Ìyá ìyàwó mi kò sí lára àwọn tí mo sọ fún. Ata àti tòmátò ni wọ́n ń tà lápẹ̀rẹ̀-lápẹ̀rẹ̀ ní Mile 12 títí ẹ̀yìn dídùn fi ní kí wọ́n sinmi. Wọ́n wá ń gbé ní Kétu pẹ̀lú àbúrò ìyàwó mi obìnrin. A sọ fún wọn pé a ń lọ najú nílẹ̀ Òyìnbó. A ò dárúkọ kẹ̀kẹ́. Kì í ṣe pé a fẹ́ fi pa mọ́. A rò pé kò ṣe pàtàkì ni.

Lọ́jọ́ kan, òjò ká wa mọ́ orí òkè. Ìyàwó mi ya fọ́tò, ó gbé e sórí Wàsáàpù: èmi nínú ṣòkòtò pénpé tó lẹ̀ mọ́ itan, tí mo ń ti kẹ̀kẹ́ gun òkè, báàgì méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ẹ̀yìn, omi ń kán nímú mi. Mọ́tò Òyìnbó kan ń kọjá lọ. Àwọn ọ̀rẹ́ wa fi àtẹ́wọ́ ránṣẹ́. Ní Kétu, Màmá gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ wọn, wọ́n wo fọ́tò náà títí, wọ́n sì sunkún. Ní àdúgbò tiwọn, àgbàlagbà tó bá di ẹrù sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ ológeere nínú òjò, nǹkan ti bàjẹ́ fún un ni.

Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà ni àbúrò ìyàwó mi pè. Wàràkàṣì wà lẹ́nu mi.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ Màmá. Wọ́n ń gbààwẹ̀."

"Ààwẹ̀ kí ni? Ramadan ti lọ tipẹ́."

"Ààwẹ̀ yín ni, sà. Wọ́n ní àwọn ò ní jẹun lọ́sàn-án títí Ọlọ́run á fi sọ̀ yín kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́."

Mo gbé wàràkàṣì mì. Ọgbẹ́ inú ń ṣe Màmá. Dókítà ti ní kí wọ́n má gba ti Ramadan pàápàá mọ́. Wọ́n ń bọ́ aláìní dípò rẹ̀ ni. A pè wọ́n lójú ẹsẹ̀.

"Màmá, fàájì ni o," mo ní. "Àwa la fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀."

"Fàájì," ni Màmá wí. "Nínú òjò?"

"Àwọn Òyìnbó náà ń ṣe é, Màmá."

"Ibẹ̀ ni wọ́n bí wọn sí. Ibo ni wọ́n fẹ́ sá gbà? Ẹ gbọ́, ọkọ mi, mi ò ní bínú. Ṣé wọ́n ti gba pásípọ́ọ̀tù lọ́wọ́ yín ni? Tí ẹnì kan bá dúró tì yín, ẹ má sọ̀rọ̀. Ẹ kàn wúkọ́."

Ìyàwó mi, tí òtútù ti mú látàná, wúkọ́.

"Ó ti tó," ni Màmá wí. "Mo ti gbọ́." Wọ́n pa fóònù.

Ìyàwó mi ní ká dá kẹ̀kẹ́ padà lọ́jọ́ náà gan-an. Èmi ní ó ku díẹ̀ ká dé Vienna, pé bí Màmá bá rí fọ́tò wa níbẹ̀ tí à ń rẹ́rìn-ín, ọkàn wọn á balẹ̀.

"Ṣé ikùn ìyá ẹ ni?" ó bi mí.

A gun kẹ̀kẹ́ lọ́jọ́ kejì. Oòrùn yọ, odò ń dán, mo sì gbádùn ẹ̀. Èyí ló ṣì ń gún mi lọ́kàn: mo gbádùn ẹ̀. Ìyàwó mi wà níwájú, kò bojú wẹ̀yìn. Nírọ̀lẹ́, àbúrò rẹ̀ tún pè. Inú rírun ti gbé Màmá ṣánlẹ̀, wọ́n wà ní hòsípítù kékeré kan, wọ́n ń fa omi sí wọn lára, Màmá sì ń bẹ nọ́ọ̀sì pé kó yọ ọ́ kó má baà ba ààwẹ̀ àwọn jẹ́.

A fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ ní ilé tí a wọ̀ sí, a wọ rélùwéè. Inú rẹ̀ la ti ya fọ́tò: aṣọ gbígbẹ, àga rírọ̀, kò sí kẹ̀kẹ́ nítòsí. Màmá wò ó, wọ́n mu ògì.

Nígbà tí a fi máa dé Kétu, wọ́n ti ń dáná sàráà ìdúpẹ́ nítorí wa. Àwọn obìnrin tí wọ́n jọ tajà nígbà kan kún pálọ̀, wọ́n ń fọwọ́ kan apá mi pé, "Ẹ wo bó ṣe rù." Rírù tí mo ti ń lépa láti ọdún tó kọjá nìyẹn. Mo tún gbìyànjú. Mo ní àwa fúnra wa la yan kẹ̀kẹ́, pé a tilẹ̀ sanwó ẹ̀. Ìyá àgbà kan gbá mi léjìká jẹ́jẹ́.

"Ó ti tán, ọmọ mi. Kò sẹ́ni tó máa fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ níbí."

Áfáà gbàdúrà kí Ọlọ́run fi mọ́tò rọ́pò kẹ̀kẹ́ fún wa. Mọ́tò wa wà níta, òun ló dí Áfáà lọ́nà nígbà tí wọ́n ń wọlé. Àmín ìyàwó mi sókè ju ti gbogbo èèyàn lọ. Kò wo ojú mi.

Màmá jókòó sórí ẹní, ọrùn wọn ti tín-ín-rín. Ìrẹsì díẹ̀ ni wọ́n tọ́ wò, wọ́n ní inú àwọn ò tíì fẹ́ gba oúnjẹ. Wọ́n wá ṣa ẹran tó wà nínú àwo wọn, gbogbo ẹ̀, wọ́n kó o sínú tèmi.

"Ẹ jẹun dáadáa, ọkọ mi. Ara yín ò tíì bọ̀ sípò."

Gbogbo wọn ń wò mí. Mo jẹ ẹ́.