Tíkẹ́ẹ̀tì Tí Àkànó Rà ní Ẹ̀dínwó

Bí ẹ bá fẹ́ mọ iye tó yẹ kí nǹkan jẹ́ ní Olódì-Àpápá, ẹ má wulẹ̀ dé ọjà, Àkànó Àdìgún ni kí ẹ lọ bá. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ń ka ẹrù ní èbúté Kirikírì, nígbà tó sì fẹ̀yìn tì, ìṣirò kò bá a fẹ̀yìn tì. Kì í san iye tí wọ́n bá kọ́kọ́ pè. Bó bá ra nǹkan ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, ọkàn rẹ̀ kì í balẹ̀ àfi tó bá gbọ́ pé ẹlòmíì rà á ní méjìlá.

Nítorí náà, nígbà tí Hussein, ọmọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ Tinú ọmọ rẹ̀, sọ pé ó wu àwọn láti ṣe họ́nímúùnù ní Sansibá ṣùgbọ́n owó ọkọ̀ òfurufú ti lé àwọn padà, ṣe ni Àkànó gbá àyà.

"Ẹ fi tíkẹ́ẹ̀tì yẹn sílẹ̀ fún mi. Ẹ̀bùn ìgbéyàwó mi nìyẹn. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ ò mọ ọjà ná. Fóònù lẹ máa ń tẹ̀, bó bá ti pe iye kan fún yín, ẹ ti gbà."

"Bàbá, mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀ta ni wọ́n ń pè é lẹ́nì kọ̀ọ̀kan," ni Hussein wí. Ẹ̀rọ tó ń mú kọ̀nténà ẹja tutù ló ń tún ṣe ní Àpápá. Owó tó ń wọlé fún un kò burú, ṣùgbọ́n kì í ṣe owó Sansibá.

"Ta ló ní kó o wo ti ọjọ́ Sátidé? Gbogbo ọkọ ìyàwó ló ń fò ní Sátidé."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni Àkànó fi ṣe iṣẹ́ yìí. Ó wo Kútọnu. Tíkẹ́ẹ̀tì tibẹ̀ rẹlẹ̀ ju ti Èkó lọ dáadáa, ṣùgbọ́n nígbà tó ro owó ọkọ̀ dé Sẹ̀mẹ̀ mọ́ ọn, tó ro ti àwọn tó ń dá ọkọ̀ dúró lójú ọ̀nà, tó tún ro ilé ìtura ọjọ́ kan, ó rí i pé èrè ibẹ̀ ti jẹ ara rẹ̀ tán. Ó wo ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ó wo àkókò òjò, Tinú sì ń rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ṣé òjò lẹ fẹ́ kí a lọ pàdé ní Sansibá?" Ó ní, "Òjò kì í pa ọkọ ìyàwó nínú ilé."

Ṣọ́ọ̀bù Ejiroghene, ọmọbìnrin Ùróbò kan tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ní Bọ́ńdìrì, Ajégúnlẹ̀, ló ti máa ń jókòó. Ó jókòó síbẹ̀ títí tí àwọn oníbàárà mìíràn fi ń kí i bí ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù. Ní Ọjọ́bọ̀ kan, Ejiroghene pè é lórí fóònù.

"Dádì, price don fall o! One million, ninety thousand for one person. But by four o'clock e don close be that."

Agogo mẹ́ta kọjá díẹ̀ ni Àkànó dé ibẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Àwòrán páspọ́ọ̀tù Hussein wà lórí fóònù rẹ̀. Tinú ní òun yóò fi ti òun ránṣẹ́ bí òun bá kúrò níbi iṣẹ́, ilé ìtajà oògùn kan ni, wọn kì í sì jẹ́ kí wọ́n lo fóònù níbẹ̀. Agogo mẹ́rin kò ní dúró de Tinú.

"Kọ ọ́ sílẹ̀," ló wí. "Àdìgún. Tinúọlá."

"Dádì, make we wait for her passport. This kind ticket, name no dey change, money no dey come back."

"Ejiro, ṣé èmi ni mi ò ní mọ orúkọ ọmọ mi? Ta ló fún un lórúkọ?"

Ejiroghene kọ ọ́.

Ní ọ̀sán Sunday, Àkànó tẹ́ àwọn ìwé náà sórí tábìlì fún àwọn méjèèjì. Inú Hussein dùn, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Tinú kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ ṣé gan-an ni," ó mú ìwé tirẹ̀, ó kà á, ó sì tún un kà. Hussein náà yọjú wo ìwé náà láti ẹ̀yìn rẹ̀.

"Sọ fún wọn," ló wí jẹ́ẹ́.

Tinú wọ yàrá, ó mú páspọ́ọ̀tù jáde, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún bàbá rẹ̀. Àkànó fi awò sójú. Àdìgún wà níbẹ̀. Ohun tó tẹ̀ lé e kì í ṣe Tinúọlá. Ummusalamah ni.

"Wọ́n ṣe àṣìṣe ni?"

"Rárá, Bàbá. Èmi ni mo yí i padà. Ó ti tó ọdún márùn-ún. Mo lọ búra ní kóòtù, mo sì kéde rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn."

"O ò sì sọ fún mi."

"Ẹ máa béèrè iye tí mo san ni."

Ó fẹ́ fi ṣe àwàdà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Sànúsí, àbúrò Àkànó, ló bí ọmọ yìí. Ilé Mùsùlùmí ni àwọn méjèèjì ti wá ní Ìsẹ́yìn, Àkànó ló di ẹlẹ́sìn Kírísítì nígbà tó gbé ìyàwó ní Èkó. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni ọmọ náà nígbà tí Sànúsí kú. Ganiyat, ìyá rẹ̀, fi í sọ́dọ̀ Àkànó kó lè kàwé, òun sì padà sílé. Ilé-ìwé ìjọ kan wà nítòsí tó ń gba ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ náírà ní sáà kan. Ọmọ ìjọ a máa san ìdajì. Kò sẹ́ni tó ní kí Àkànó pa orúkọ ọmọ dà. Òun fúnra rẹ̀ ló jókòó ti fọ́ọ̀mù, tó rò ó pé bí wọ́n bá rí Ummusalamah, wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ọmọ ìjọ tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó kọ Tinúọlá sí i. Ó pe ọmọ náà, ó ní, "Láti òní lọ, Tinú là ń pè ọ́. Ṣé o gbọ́?" Ọmọ náà wolẹ̀, ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

Nígbà tí Ganiyat gbọ́, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ohun kan ṣoṣo tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un nìyẹn o."

Èsì Àkànó ni pé, "Orúkọ kì í san owó ilé-ìwé."

Ó ti gbàgbé pé òun sọ bẹ́ẹ̀. Lọ́sàn-án Sunday yẹn, pẹ̀lú páspọ́ọ̀tù lọ́wọ́ rẹ̀, ó rántí.

Ṣùgbọ́n ìwà kì í fi oníwà sílẹ̀. Ní ọjọ́ Ajé, ó ti wà ní ṣọ́ọ̀bù Ejiroghene kí wọ́n tó gbálẹ̀. Ejiroghene mi orí. "Dádì, I talk am. Na new ticket. And that cheap one don finish. Now na one million, seven hundred thousand." Àkànó jáde, ó dúró lẹ́bàá ọ̀nà, ó ń ṣírò. Ìbúra kóòtù. Ìkéde nínú ìwé ìròyìn. Páspọ́ọ̀tù tuntun. Gbogbo rẹ̀ kò lè ju ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba lọ! Inú rẹ̀ dùn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré dé ilé ìtajà oògùn náà.

"Mo ti rí ọ̀nà," ló wí fún Tinú. "A ò ní fọwọ́ kan tíkẹ́ẹ̀tì. Páspọ́ọ̀tù la máa yí. O kàn máa padà sí Tinúọlá, owó rẹ̀ ò tó nǹkan rárá."

Tinú ń to páálí oògùn sórí pẹpẹ. Ó dáwọ́ dúró. Kò gbójú sókè.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá," ló wí.

Ká ní ó bú Àkànó ni, ìbá rí èsì fọ̀. Ká ní ó sunkún, ìbá rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ṣùgbọ́n bó ṣe sọ ọ́ lọ́jọ́ fọ́ọ̀mù ilé-ìwé yẹn gẹ́lẹ́ ló ṣe sọ ọ́. Ẹ̀ẹ̀kejì rèé tí òun máa gba orúkọ lọ́wọ́ ọmọ yìí nítorí pé ó dín owó kù, ọmọ náà sì tún ti na ọwọ́, ó fẹ́ gbé e fún òun. Àkànó ní òun ń bọ̀, ó sì jáde.

Owó kan wà ní báǹkì tó fẹ́ fi kan páànù sí ilé rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn, ilé tó ti ń kọ́ láti ọdún mọ́kànlá. Kò sùn dáadáa lórí ọ̀rọ̀ náà. Ní ọjọ́ kejì, ó gba Bọ́ńdìrì lọ.

"Ṣe tuntun fún un," ló wí. "Bàálù kan náà pẹ̀lú Hussein."

"Ah, Dádì! You no go price am?"

"Mi ò ná an."

"Oya, spell the name."

Ọdún méjìlélógún, Àkànó kò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Ó tẹ Tinú láago. Ìsinmi ọ̀sán ni, ó gbé e.

"Bá mi ka orúkọ rẹ ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan."

"Tinúọlá?"

"Rárá o. Èyí tí Sànúsí sọ ọ́."

"Bàbá, owó yẹn pọ̀ jù. Mo ti ní mo gbà."

"Mo gbọ́ pé o gbà. Kà á fún mi."

"U. M. M."

"M méjì?"

"Méjì ni, Bàbá. U. S..."

Ó ń kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé kan bó ti ń gbọ́ ọ, lẹ́yìn náà ó kà á fún Ejiroghene. Ọmọbìnrin náà tẹ̀ ẹ́ tán, ó ní, "Fine name. Who be this one?"

"Ọmọ Sànúsí, àbúrò mi, ni," ni Àkànó wí. Fóònù ṣì wà létí rẹ̀. Ó yíjú sí ògiri. "Ummusalamah." Ó wúwo lẹ́nu rẹ̀. "Ṣé inú mi ń bí ọ?"

"Inú yín bí mi, Bàbá. Ó pẹ́ tó ti ń bí mi."

Àkànó fẹ́ sọ bí nǹkan ṣe le nígbà náà, iye tí ìrẹsì jẹ́, iye ọmọ tó wà nílé. Gbogbo rẹ̀ wà lórí ahọ́n rẹ̀. Ó gbé e mì.

"Ó yẹ kó bí ọ," ló wí.