Yàrá tí Bàbá Mi Wọ̀n fún Ìyá Àgbà

Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọmọ kékeré ni wọ́n gbé iṣẹ́ bàbá mi kúrò ní Èkó wá sí Àbújá. Ẹ̀yin tí ẹ ń rí afárá àti ilé gogoro lónìí, ẹ lè má gbà pé eruku pupa ló pọ̀ jù nínú ohun tí a bá níbẹ̀. Yàrá méjì la ní ní Nyanya, létí ìlú Àbújá. Sìmẹ́ńtì ni ilẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti bàjẹ́. Ibì kan là, ibì kan jìn wọlẹ̀ bí àwo.

Ìyá tó bí bàbá mi wá bá wa gbé láti Èkìtì nígbà tí ojú wọn fọ́ tán. Inú yàrá tí mò ń sùn la fi wọ́n sí. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, èmi ni mò ń di ọwọ́ wọn mú kiri. Nígbà tó yá, wọ́n gba ọwọ́ wọn kúrò lọ́wọ́ mi. Ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n fi ń rìn, wọ́n sì ti mọ ilẹ̀ náà bí ẹni mọ ojú ọmọ rẹ̀. Kòtò kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn wọn. Láti ibẹ̀, sìmẹ́ńtì là tààrà dé ẹnu ọ̀nà. Wọn á tọ ojú ibi tó là náà jáde, wọn á lọ jókòó ti aládùúgbò wa, obìnrin Hausa kan tí kò gbọ́ Yorùbá. “Sànnu, Mama,” nìyẹn á fi kí wọn. “Yauwa,” ni ìyá àgbà á dáhùn, wọn á sì jọ máa bó ẹ̀pà títí oòrùn á fi mú.

Ó ń dun bàbá mi pé ìyá wọn ń rìn lórí ilẹ̀ fífọ́ nínú ilé ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba. Ní Sátidé kan, wọ́n yá téèpù lọ́wọ́ káfíńtà. Mo di orí kan mú mọ́ ara ògiri, bàbá mi kúnlẹ̀, wọ́n ń fa ìyókù, wọ́n ń kọ ọ́ sínú ìwé. Ìyá àgbà jókòó sórí ibùsùn, wọ́n ń gbọ́ bí irin náà ṣe ń ha ilẹ̀.

“Kí lẹ ń wọ̀n?”

“Ilẹ̀ yàrá yín ni, Màámi.”

Ẹ rántí pé inú yàrá ni wọ́n ń sin àgbà sí nílùú wọn láyé àtijọ́. Ìyá àgbà ní, “Ṣé mo ti kú ni?”

“Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́! Kápẹ́ẹ̀tì onírọ́bà ni mo fẹ́ tẹ́ síbẹ̀, kí ẹsẹ̀ yín lè simi.”

“Ẹsẹ̀ mi ò sọ pé ó rẹ òun,” ni wọ́n wí. Ṣùgbọ́n ohùn wọn kò ròkè, bàbá mi sì ti padà sídìí téèpù.

Kápẹ́ẹ̀tì náà dé, òdòdó pupa kún ojú rẹ̀. Ó bo yàrá láti ògiri dé ògiri. Bàbá mi wọ̀n ọ́n dáadáa. Àwọn ará ilé wá wò ó, wọ́n ń kí wa.

Àárọ̀ Mọ́ńdè, tí àwọn òbí mi ti wọ bọ́ọ̀sì lọ síbi iṣẹ́, mo wọlé wá mú àpò ìwé mi, mo bá ìyá àgbà lórí ìdúró ní kọ̀rọ̀ yàrá. Wọ́n kọjú sí ògiri, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ti wá ẹnu ọ̀nà títí, wọn ò rí i, wọ́n sì ti tọ̀ sára.

“Ta nìyẹn?”

“Èmi ni, Màmá.”

“Ilẹ̀ náà dà?”

Mo nu ilẹ̀, mo bá wọn pààrọ̀ ìró. Wọ́n di ọwọ́ mi mú pinpin. “Má sọ fún bàbá rẹ o. Ìfẹ́ ló fi ṣe é.”

N kò sọ. Ìyẹn ló ń dùn mí títí dòní. Láti ọjọ́ náà, ìyá àgbà kò jáde mọ́, wọn ò sì fẹ́ kí n tún máa fà wọ́n lọ́wọ́ bí ọmọdé. Wọn ò jẹun, wọn kì í fẹ́ mu omi kí wọ́n má baà tún tọ̀ sára. Aládùúgbò wa á yọjú, “Kai, Mama!” wọn ò ní dáhùn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, bàbá mi sọ pé àìsàn ló ń ṣe wọ́n, àwọn máa gbé wọn lọ sí ọsibítù. Ìgbà tí mo rí i tí wọ́n ń kó aṣọ wọn sínú báàgì ni mo bú sẹ́kún, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀.

Bàbá mi kò nà mí. Wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n di ojú wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láti ìdí ibùsùn. Ìṣísẹ̀ mẹ́rin péré, wọ́n fi orúnkún gbá àpótí aṣọ. Wọ́n la ojú, wọ́n wo ìyá wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń ká kápẹ́ẹ̀tì náà.

“Ohun tó dára báyìí?” ni ìyá mi wí. Bàbá mi ń ká a lọ.

Nígbà tí sìmẹ́ńtì hàn, ìyá àgbà sọ ẹsẹ̀ kan kalẹ̀. Wọ́n wá kòtò náà títí wọ́n fi rí i, wọ́n sì ń fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ tọ etí rẹ̀ yí ká. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ rí omijé bàbá mi.

“Ẹ má bínú, Màámi. N kò bi yín léèrè.”

“Kò burú, ọmọ mi.” Wọ́n dìde, wọ́n jáde lọ bá ọ̀rẹ́ wọn.

Ṣùgbọ́n okun tí wọ́n sọ nù lọ́sẹ̀ méjì náà kò padà tán. Kí ọyẹ́ tó tún dé, wọ́n dágbére fáyé. Èkìtì la gbé wọn lọ sin.

Wuye, láàárín Àbújá, ni mò ń gbé báyìí, mo sì ti lé láàádọ́ta ọdún. Lóṣù tó kọjá, ọmọkùnrin kan wá wọn ilé mi fún táìlì. Ẹ̀rọ kékeré kan tó ń tan iná pupa ló nà sí ògiri, ó sì ti parí kí n tó rí àga jókòó. Kò sẹ́ni tó ń kúnlẹ̀ wọn ilé mọ́. Ọ̀pọ̀ wa ló ti kó òbí wa wá láti ìlú, àwọn ọmọ wa ń gbọ́ ohun tí àwọn àgbà ń sọ, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń dá wọn lóhùn. N kò ní kí ìyà àtijọ́ padà. Ṣùgbọ́n lónìí, àgbà ní yàrá tirẹ̀, a sì ń ti ilẹ̀kùn rẹ̀ kí ẹ̀rọ amúlétutù lè ṣiṣẹ́. Nígbà tí a bá ti ibi iṣẹ́ dé, a ó kanlẹ̀kùn, a ó bi wọ́n bóyá wọ́n ti jẹun. Wọ́n á ní àwọn ti jẹ. A ó sì gbà wọ́n gbọ́, a ó bá tiwa lọ.