Àlímọ̀t Kọ́kọ́ Wo Pátákó

Àlímọ̀t Ṣàíbù ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní ọ́fíìsì àwọn tó ń bá èèyàn gba ẹrù ní wáfù, ní Olówógbowó. Lọ́dún 1999 ó ṣe ojú ìwé kan sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí oníbàárà lè mọ ọkọ̀ ojú omi tó ti gúnlẹ̀ láìwọ Èkó.

Ojú ìwé náà ń falẹ̀. Ẹni tó bá ṣí i á dúró fún ìṣẹ́jú méjì. Ní Ọjọ́rú, Kọ́lápọ̀, ọ̀gá wọn, pè é.

"Tó bá di Ọjọ́ Ajé tí kò yá, a ó pa á tì. Pátákó tí a ń kọ orúkọ ọkọ̀ sí lára ògiri ti tó fún wa."

Àlímọ̀t mọ ohun tó fà á. Gbogbo ìgbà tí ẹnì kan bá ṣí i ni kọ̀ǹpútà ń bi àkọsílẹ̀ ọkọ̀ tó wà nínú rẹ̀ ní ogójì ìbéèrè, ọ̀kan fún ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó ní kí kọ̀ǹpútà máa tọ́jú ojú ìwé tó bá ti tò tán, kó máa gbé e fún ẹni tó bá tún dé. Ó dán an wò. Ìṣẹ́jú méjì náà ni. Ó ka iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò rí àṣìṣe.

Ní Ọjọ́bọ̀ obìnrin kan wá béèrè ọkọ̀ tó gbé ẹrù rẹ̀. Dáfídì, akọ̀wé iwájú, jókòó ti pátákó tí orúkọ ọkọ̀ wà. Síbẹ̀ ó dìde, ó lọ bi Alhaji Jimoh, tó ń tọ́jú ìwé ńlá tí wọ́n ń kọ ọkọ̀ tó bá dé sí. Àṣà wọn nìyẹn: ẹnikẹ́ni kì í dáhùn láìbi Alhaji. Ó padà, ó ka ohun tó wà lójú pátákó.

Obìnrin náà ní, "Ẹ̀kọ wà nínú ewé, ẹ tún ń lọ àgbàdo."

Àlímọ̀t yíjú sí kọ̀ǹpútà. Bí ọ́fíìsì ṣe kọ́ òun náà ló ṣe kọ́ kọ̀ǹpútà. Ó ń bi àkọsílẹ̀ ní ogójì ìbéèrè tán kó tó wò bóyá ojú ìwé wà nílẹ̀. Ó ní kó máa kọ́kọ́ wò.

Ó ṣàlàyé fún Alhaji pé ojú ìwé tí kọ̀ǹpútà tọ́jú ni pátákó tirẹ̀. Alhaji ní, "Tí pátákó rẹ bá purọ́ ńkọ́? Ọkọ̀ á wọlé, á ní kò tíì dé."

"Tí ẹ bá ti fún mi ní orúkọ tuntun, tí mo tẹ̀ ẹ́ sínú àkọsílẹ̀, á ju ti àtijọ́ nù, sà. Ẹni àkọ́kọ́ nìkan ló máa dúró."

"O fẹ́ gbaṣẹ́ lọ́wọ́ mi."

"Rárá, sà. A ò kàn ní máa dà yín láàmú ni."

"Olórí kunkun."

Síbẹ̀ Alhaji fún un ní orúkọ ọkọ̀ kan tó dé láàárọ̀. Àlímọ̀t tẹ̀ ẹ́, ó ṣí ojú ìwé: ìṣẹ́jú méjì, ọkọ̀ náà wà níbẹ̀. Ó tún un ṣí. Kò tó kíka ení, èjì, ẹ̀ta.

Ó pe Kọ́lápọ̀. Ọ̀gá ṣí i fúnra rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin.

"Jẹ́ kó wà," ló wí.

Àlímọ̀t dìde, ó gbé báàgì rẹ̀, ó kí Alhaji, ó sì gba ọ̀nà ibùdókọ̀ CMS lọ sílé.