Ìrìnàjò tí Mùnírátù Kò Sọ fún Ẹnikẹ́ni

Télọ̀ pọ̀ ní Egan o, ṣùgbọ́n bí ẹ bá béèrè èyí tí kì í yẹ àdéhùn, ṣọ́ọ̀bù Mùnírátù ni wọn yóò júwe fún yín. Tó bá ní ọjọ́ Jímọ̀ ni aṣọ yín máa jáde, láti Ọjọ́bọ̀ ló ti máa gbé e kọ́ sẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó lẹ́nu, kì í sì í gba ìmẹ́lẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti lé èmi Julius jáde nítorí pé mo jókòó lé aṣọ oníbàárà, bẹ́ẹ̀ mo sì jù ú lọ lọ́jọ́ orí.

Ẹgbẹ́ kan ló pa wá pọ̀. Màmá Olúsànyà, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìntì, ló dá a sílẹ̀ lọ́dún 2009, nínú yàrá kan ṣoṣo lójú ọ̀nà Ìgàndò. Iṣẹ́ wa ni láti dènà àwọn tó ń fi ọmọ ọlọ́mọ ṣòwò, àwọn tó ń ṣèlérí iṣẹ́ gidi fún àwọn ọmọbìnrin, tí wọ́n á kó wọn sọdá ẹnubodè, tí wọ́n á sì sọ wọ́n dẹrú níbẹ̀. Èmi ni akọ̀wé. Mùnírátù ni agbẹnusọ wa. Ní gbogbo ọ̀sán Ọjọ́rú, àwa méjèèjì á máa lọ láti ṣọ́ọ̀bù télọ̀ dé ṣọ́ọ̀bù onídìrí, nítorí àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe fúrídọ̀mù ni àwọn oníṣẹ́ ibi yẹn ń wá kiri. Wọ́n ti mọṣẹ́, wọn ò sì tíì rí owó ra màṣíìnì tiwọn.

Ohun tó ń sú wa jù lẹ́nu iṣẹ́ náà ni pé àwọn èèyàn wa kì í sọ ìrìnàjò síta. Ọmọ á ti dé òkè òkun kí ẹni tí wọ́n jọ pín ògiri kan náà tó mọ̀ pé kò sí nílé. Wọ́n ní ayé le, kí ọ̀tá má baà dí ọ̀nà. Ibẹ̀ gan-an ni àwọn tó ń kó ọmọ lọ ti rí wa mú. Mùnírátù á dúró láàárín àwọn ọmọ iṣẹ́, á na ìka sókè, á ní, “Ẹni tó bá ní kó o má sọ fún ẹnikẹ́ni, òun gan-an ni kó o lọ sọ̀rọ̀ ẹ̀ fún gbogbo ayé.” Àwọn ọmọ á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì pàtẹ́wọ́.

Àmínát ni ọmọ tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti kú ló bí i, Mùnírátù sì ti ń tọ́ ọ láti ọmọ ọdún mẹ́fà. Lọ́dún 2013, ọmọ náà pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ó sì ti mọ aṣọ rán dáadáa. Ní oṣù Ọ̀wàrà, oníbàárà kan wá wọn aṣọ, ó wo ọwọ́ ọmọ náà lórí màṣíìnì, ó ní iléeṣẹ́ aṣọ kan ń wá irú rẹ̀ ní Bamako, Mùnírátù ò sì ní san kọ́bọ̀ fún ìrìnàjò náà. “Ẹ ṣá má pariwo ẹ o, kí ayé má bà á jẹ́.”

Ṣé ẹ mọ ohun tí Mùnírátù ṣe? Ó dákẹ́. Ó rán ańkárá mẹ́ta fún ọmọ, ó ra báàgì, ó tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó sì fi àpò ìrẹsì bò ó. Kò sọ fún Màmá Olúsànyà, kò sọ fún èmi tí a jọ ń rìn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Inú bí mi nígbà tí mo gbọ́, ó ṣì ń bí mi díẹ̀.

Sátidé ni ìrìnàjò náà. Ní Ọjọ́rú tó ṣáájú rẹ̀, a wà ní ṣọ́ọ̀bù onídìrí kan. Mùnírátù ń sọ ọ̀rọ̀ tó máa ń sọ, ni ọmọ iṣẹ́ kan bá nawọ́ sókè.

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Tó bá jẹ́ ọmọ yín ló fẹ́ rìnrìn àjò, ṣé ẹ̀yin náà máa sọ?”

Mo rẹ́rìn-ín, mo ń retí kó bú u. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó di etí ìborùn rẹ̀ mú.

“Ó ń lọ ní Sátidé,” ó wí.

“Ta ni?”

“Àmínát. Bamako ni.”

“Ta ló ń mú un lọ?”

“Oníbàárà mi kan.”

“Kí lorúkọ ẹ̀?”

“Àǹtí ṣá là ń pè é, Bùrọ̀dá Julius. Mi ò mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.”

Ojú tì mí fún un níwájú àwọn ọmọ yẹn. Ibẹ̀ náà la ti pe obìnrin yìí lórí fóònù. Mo ní mo fẹ́ mọ àdírẹ́sì iléeṣẹ́ náà. Ó bi mí pé ta ni mo jẹ́, mo sì sọ fún un. Ó ní kí n gbé fóònù fún Ìyá Télọ̀. “Mo ṣebí mo ní kẹ́ ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni?” ó wí, ó sì pa fóònù. Títí ilẹ̀ fi ṣú, nọ́ńbà rẹ̀ kò lọ mọ́. Obìnrin náà kò wá ní Sátidé.

Àmínát sunkún títí. “Màmá, ẹ ti fi ẹnu yín ba ọ̀nà mi jẹ́.” Láti ìgbà náà, kò kọjá ẹ káàárọ̀ àti ó dàárọ̀ láàárín wọn. Ó ń jẹun, ó ń ránṣọ, ṣùgbọ́n kò bá ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín mọ́. Ó dun Mùnírátù wọra. Lọ́jọ́ kan ó bi mí pé, “Tó bá jẹ́ òótọ́ ni obìnrin yẹn ń sọ ńkọ́?”

Ní oṣù Òkúdù ọdún kejì, obìnrin kan tó ń ta ẹ̀wà tútù ní ọjà Shasha mú fọ́tò ọmọ rẹ̀ wá sí ọ́fíìsì wa. Mùnírátù wà níbẹ̀, Àmínát náà wà níbẹ̀, kọ́tìnnì ọ́fíìsì ló bá ìyá rẹ̀ gbé wá. Àdíját ni ọmọ náà ń jẹ́. Láti oṣù Bélú ni obìnrin kan ti mú un lọ sí Bamako láti lọ ránṣọ. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló pè, ó fi fóònù ẹlòmíì pè láti ibi tí wọ́n ti ń wa góòlù, ó ń sunkún pé wọ́n ń fi òun fún àwọn ọkùnrin.

“A ò sọ fún ẹnikẹ́ni nígbà tó ń lọ,” ìyá rẹ̀ wí. “Mo tiẹ̀ gbààwẹ̀ sí i.”

Àmínát gbé kọ́tìnnì sílẹ̀. Ó wo fọ́tò náà pẹ́.

“Mo mọ̀ ọ́n, mà,” ó wí. “Àwa méjèèjì la jọ fẹ́ bá Àǹtí yẹn lọ. Nígbà tí tèmi bàjẹ́, ó pè mí pé òun ń lọ ní tòun, ó ní kí n má sọ. Mi ò fẹ́ ba tiẹ̀ jẹ́.”

Ó kúnlẹ̀. Ìyá Àdíját kàn ń wò ó. Mùnírátù wá kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀, ó di ọwọ́ obìnrin náà mú.

“Ẹ má bá a wí,” ó wí. “Ọ̀dọ̀ mi ló ti kọ́ má-sọ-fún-ẹnikẹ́ni.”